Òǹtẹ̀ Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí dúró nínú yìnyín lábẹ́ fèrèsé Lempi Haapala, ó ń fi téèpù wọn fèrèsé náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú oṣù kejì ọdún. Lempi wà nídìí omi, ó ń fọ ife kọfí. Ó ṣí fèrèsé.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

Ọkùnrin náà yára ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti kó lọ ni. Èmi ni mo ra ilé yìí."

Lempi kò pariwo. Ó ní kó wọlé, ó ní kó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bu kọfí fún un. Bí a ti ń ṣe nìyẹn ní Hemlock Bay: ẹni tó wá gba ilé mọ́ ọ lọ́wọ́ pàápàá, o gbọ́dọ̀ fún un ní kọfí kí o tó bá a jà. Ìgbà tó mu ún tán ni Lempi gbé fóònù. Kò pe ọlọ́pàá. Impi Rautio ló pè, Impi sì pè mí, torí ojú Impi kò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́.

Ogójì ọdún ni Impi fi ṣiṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ àgbègbè wa, ní yàrá tí wọ́n ti ń kọ ìwé ilé àti ti ilẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tó yí adágún Superior ká níbí, ó mọ ẹni tó ni ín, ó mọ ẹni tó rò pé òun ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ parọ́ lágbègbè wa, àfi kó dúró dìgbà tí Impi bá kú. Èmi ni Verna Salmela. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ ọmọ iléèwé, nítorí náà kò sí igbe tí mi ò tíì gbọ́ rí, kò sì sí irọ́ tí wọn ò tíì pa fún mi rí.

Nígbà tí a dé, ọkùnrin náà ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Vandermeulen lorúkọ rẹ̀, ará ìsàlẹ̀ afárá, lápá gúúsù ìpínlẹ̀ wa, ó ń wá ilé tí yóò máa lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó rẹ̀ ti jáde tán. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pàdé, aṣojú kan tó ń bá èèyàn ta ilé ló bá a sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ilé wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì mú un wá.

Impi gbé awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé ìwé náà lórí. Lempi ti fọwọ́ sí i níbi méjì: ó fọwọ́ sí i fún ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i lórúkọ ọkọ rẹ̀, Wilho, torí òun ni Wilho fún láṣẹ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀. Òǹtẹ̀ Duane Tervo, tó ń jẹ́rìí sí ìwé nílùú wa, wà nísàlẹ̀, ó ní Lempi fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú òun tó fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá.

"Lempi, ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i nígbà náà?"

"Mi ò ta ilé mi o, Impi."

"Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

"Gba méjèèjì," ni Lempi wí, ó sì jókòó.

Lẹ́yìn tí Vandermeulen lọ ni Lempi gbé àpótí búrẹ́dì sókè, ó yọ lẹ́tà kan jáde lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó ti fi pa mọ́. Àwọn Medicaid ló kọ ọ́, ẹ̀ka ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú fún ẹni tí kò lówó. Wọ́n ní àwọn rí i nínú ìwé ìjọba pé wọ́n ti ta ilé Haapala, kí wọ́n wá sọ ibi tí owó náà wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ìjọba ò ní sanwó ìtọ́jú Wilho mọ́.

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè tìtorí ilé lé Wilho jáde nílé ìtọ́jú," ni mo wí.

Impi ní, "Ilé tí ìyàwó bá ṣì ń gbé, wọn kì í kà á mọ́ ọkọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti tà á, ìdajì owó ibẹ̀ ti Wilho ni. Ìjọba á ní, ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn tọ́jú ara yín ná."

"Mi ò rí sẹ́ǹtì kan," ni Lempi wí.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Wilho ga ju ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ, ara rẹ̀ ọ̀tún ti kú pátápátá. Lempi ti tọ́jú rẹ̀ nílé fún oṣù mẹ́jọ kí ó tó gbà láti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà, ó sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ san án, torí láti ìgbà náà ni ó ti ń tẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá lé Wilho jáde, ibo ni yóò gbé e lọ? Sínú ilé tí wọ́n ti tà? Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ife.

Impi tún ń wo òǹtẹ̀ náà. Ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, Àǹtí Impi?"

"Wọ aṣọ rẹ. Ìwọ ni o máa wakọ̀."

*

Ọlọ́pàá àgbègbè wa, Bergdahl, ọmọ dáadáa ni, àfi pé ó gbà gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sórí ìwé gbọ́. Ó ka ìwé ilé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí Impi. Ọwọ́ ìyá ni. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé?"

"Wọ́n gbàgbé pé wọ́n ta ilé wọn?" ni mo bi í. "Ìwọ náà, ṣé o ti gbàgbé pé èmi ni mo ń gbé ọ lọ síléèwé, tí o máa ń bì sẹ́yìn àga mi?"

Ojú tì í. Impi fọwọ́ kàn mí. "Bergdahl, báńkì máa mọ ẹni tó gba owó náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n màá gba ìwé láti kóòtù. Tó bá yá jù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni."

"Kí ló máa dá àwọn Medicaid dúró kí oṣù tó parí?"

"Tí màmá bá búra pé wọ́n lu àwọn ní jìbìtì, tí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó ṣe é, mo lè fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Wọn ò ní lé bàbá jáde títí kóòtù á fi parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ èèyàn, mà. Mi ò lè kọ 'ẹnì kan' sílẹ̀."

"Á dáa," ni Impi wí. "Ta ni gbogbo ìlú máa dárúkọ?"

Bergdahl wo ilẹ̀. Gbogbo wa mọ ẹni tí gbogbo ìlú máa dárúkọ.

*

Rudy Haapala, ọmọkùnrin Lempi, ń gbé nínú ilé onítáyà kan tí ọkọ̀ lè fà, lẹ́yìn ilé ọtí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ mutí. Nígbà ìkórè tó kọjá, ó lu tábìlì nílé ọtí, ó ní ilé bàbá òun yóò di ti òun, ẹni tí kò bá wù kó lọ kú. Ogún èèyàn ló gbọ́ ọ. Òun náà ló ń bá ìyá rẹ̀ mú lẹ́tà wọlé láti inú àpótí ojú títì. Bí mo bá jẹ́ ọlọ́pàá, ǹ bá ti dè é mọ́lẹ̀ ná kí n tó béèrè ohunkóhun.

Bí a ṣe dúró níwájú ilé rẹ̀, tó rí ọkọ̀ Bergdahl, ó fi ẹ̀yìnkùlé sá. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sá ju ogún ẹsẹ̀ lọ tí yìnyín fi gbé e mì dé itan.

"Ẹjọ́ ti tán!" ni mo wí.

Bergdahl fà á jáde. Rudy bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ẹyọ kan ṣoṣo ni! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ yẹn!"

"Ẹyọ kan kí ni?"

"Ẹran àgbọ̀nrín tó wà nínú fírísà ni. Abo ni, láísẹ́ǹsì ọdẹ mi sì ti tán."

A wo ojú ara wa. Impi ní, "Rudy, ta ló bi ọ́ léèrè ẹran?"

Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná, Impi bi í nípa ilé. Ẹnu yà á. Ó ní lóòótọ́ ni òun lu tábìlì, torí òun fẹ́ padà wọlé kí òun lè máa bá wọn gbé bàbá òun, kí wọ́n mú un kúrò nílé ìtọ́jú. Ìyá òun ló ní rárá, àfi tí òun bá jáwọ́ nínú ọtí. Òun ò sì tíì jáwọ́.

"Lẹ́tà tí ò ń bá wọn mú wọlé ńkọ́? O máa ń tú u?"

"Mi ò kì í tú lẹ́tà tèmi gan-an, Àǹtí."

"Níbo lo wà lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá?"

Rudy wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé ibo ni orí rẹ̀ wà. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Níbo lèèyàn ń wà?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, mo sì bú ara mi pé mi ò rí i láti àárọ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ni ìjọba ń ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín. Lọ́jọ́ náà, iléèwé ò ṣí lágbègbè wa, ọkọ̀ mi kì í jáde. Oníṣègùn eyín, akọ̀wé, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, gbogbo wọn ti wà ní àgọ́ ọdẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwa obìnrin á kó ara wa jọ sí ìsàlẹ̀ ilé ìjọ Luther, a ó máa ṣe mítípáì ọlọ́dún, láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lempi ló ń gé ọ̀dùnkún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló lè búra.

"Lempi kò sí níwájú Duane Tervo," ni mo wí.

"Ó sì lè jẹ́ pé Duane Tervo gan-an ò sí níwájú Duane Tervo," ni Impi wí. "Bergdahl, tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dúró nínú ọkọ̀ ná. Tí ó bá rí aṣọ ọba lọ́rùn rẹ, ẹnu rẹ̀ á pa dé."

*

Duane máa ń bá ìlú ṣe ìwé owó orí, ó sì ní òǹtẹ̀ tí a fi ń jẹ́rìí sí ìwé. Orí àgbọ̀nrín kan wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òórùn oògùn tí wọ́n fi kùn ún ṣì ń jáde.

"Háà, Duane!" Impi gbé ojú sókè bí ọmọdé. "Ti ìgbà ọdẹ tó kọjá nìyí?"

Inú Duane dùn. "Ẹ rí ìwo rẹ̀, mà. Ẹ̀ka mẹ́jọ! Mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì."

"Kò tóbi tó ti bàbá rẹ."

"Àǹtí Impi! Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ti bàbá mi ò tó èyí. Ẹ bi Rudy Haapala, àgọ́ kan náà la jọ wà."

"Wọ́n ní ọjọ́ kẹta lo tó rí i pa, pé wọ́n ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Irọ́ ni! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ kìíní gan-an ni. Aago méje àárọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Mi ò kúrò ní àgọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, a kàn ń jẹ ẹ̀dọ̀ ni."

"O ò wá sí ìlú rárá?"

"Kí ni màá wá ṣe?"

Impi gbé ìwé ilé náà lé e lórí tábìlì, ó fi ìka kan òǹtẹ̀. "Ta ló wá jókòó síbí lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tó rí Lempi tó ń fọwọ́ sí ìwé?"

Mi ò tíì rí kí ẹ̀jẹ̀ sá lójú èèyàn kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Duane jókòó. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tirẹ̀ tilẹ̀ gbọ́ fèrè, òun gan-an ló ń fọn ọ́n.

Ó jẹ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni àpòòwé kan dé, lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: ẹbí Haapala kí i, ìyá ò lè wá torí yìnyín, ó ti fọwọ́ sí i nílé, kó jọ̀ọ́ kó bá wọn fi òǹtẹ̀ sí i, kó fi àyè ọjọ́ sílẹ̀. Ogún ọdún ni Duane ti ń rí ọwọ́ Lempi. Ó rò pé ìwé ilé ìtọ́jú ni, kò ka òkè rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀, ó fi í sínú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ sítáǹpù mọ́, tí wọ́n kọ àdírẹ́sì aṣojú kan sí. Ó ju lẹ́tà náà nù.

"Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Àǹtí. Mo kàn ń kánjú ni. Mo ní ẹrù tí mo fẹ́ dì."

"O ò kọ ọjọ́?"

"Mi ò kọ ọ́. Ṣé mo ya wèrè ni, tí màá fi kọ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún?"

"O ò ya wèrè," ni Impi wí, "ṣùgbọ́n Bergdahl wà níta, o máa tún sọ ọ́ fún un."

*

Mo fi ọkọ̀ gbé Impi dé ẹ̀gbẹ́ omi. Ó ní kí n dúró.

"Verna, ka gbogbo wọn sílẹ̀ fún mi. Ta ló lè kọ ọjọ́ yẹn?"

"Ẹni tó bá mú ìwé náà nígbẹ̀yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ́ ará ibí á kọ ọjọ́ kẹtàlá. Tàbí ogúnjọ́. Rudy ìbá mutí yó títí kó gbàgbé orúkọ ara ẹ̀, kò lè kọ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, torí ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá rí i ní ilé ẹjọ́ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ilé yẹn. Ó mọ̀ pé Wilho fún Lempi láṣẹ. Ó mọ Duane. Ó lè fi ìwé sí iwájú Lempi kí ó fọwọ́ sí i láì kà á. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti kúrò níbí, débi pé ọjọ́ yẹn ò jẹ́ nǹkan kan sí i mọ́."

Mo pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Marlene. Ọmọbìnrin Lempi, tó ń ṣiṣẹ́ ìbánigbófò ní Grand Rapids, tó kúrò nílé lọ́mọ ọdún méjìdínlógún. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Òun ló ń bá a ṣe gbogbo ìwé Medicaid. Ó máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ nínú àpòòwé ńlá, ó máa ń lẹ ìwé yẹ́lò kékeré síbi tí ìyá rẹ̀ máa fọwọ́ sí. Àwa obìnrin ìjọ ti fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wa títí. Ọmọ tèmi kì í pè mí àfi tó bá ṣìnà, mo sì ti jókòó sínú ilé ìjọ rí tí mo ń jowú Lempi nítorí Marlene.

"Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn," ni mo wí.

"Ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́," ni Impi parí rẹ̀.

"Báwo la ṣe máa sọ fún Lempi?"

Impi nu ojú gíláàsì ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Lempi kò fọwọ́ sí ìwé kankan láyé yìí láì kà á, àfi èyí tí Marlene bá fi ránṣẹ́. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé, kí ló tún jẹ́ kó gbé e pa mọ́ sábẹ́ búrẹ́dì? Kò pè mí kí n wá ẹni tó ṣe é, Verna. Ó pè mí bóyá mo lè rí ẹlòmíràn."

*

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Marlene dé, ìyá rẹ̀ ló ní kó wá. Láti òru ló ti gbéra, wákàtí mẹ́sàn-án ló fi wakọ̀. Ó gbé àpò ọsàn wọlé, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹnu ko ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó rí wa lẹ́sẹẹsẹ yí tábìlì ká: Impi, èmi, Rudy tó ti fá irùngbọ̀n, àti Bergdahl tó di fìlà mú lórí itan.

"Kí ló dé? Ṣé Dádì ti kú ni?"

"Dádì ẹ ò kú," ni Lempi wí. "Jókòó. Kọfí wà."

Impi ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Marlene, wọ́n ní màmá ẹ ti ta ilé. Ó ní òun ò rántí."

Marlene mí kanlẹ̀, ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Àǹtí Impi, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín, Màmá. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kàn gbàgbé ni. Ọjọ́ orí ni. Ẹ ní kí n má sọ fún Rudy."

"Èmi?" ni Lempi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò yẹ kí Rudy gbọ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń pariwo."

Rudy fẹ́ dìde. Bergdahl fà á ní apá aṣọ.

"Nígbà tó fọwọ́ sí i," ni Impi wí, "ó dá ọ lójú pé níwájú Duane ni?"

"Ó dá mi lójú, mà. Mo pe ọ́fíìsì Duane fúnra mi lọ́jọ́ náà, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́rú ni. Mo wà níbi iṣẹ́. Duane gan-an ló gbé fóònù, ó ní Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni, pé ọ́fíìsì kún fọ́fọ́."

Rudy gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bergdahl, tí òun náà wà nínú igbó lọ́jọ́ náà, wo òkè àjà.

Marlene wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀: ó jókòó sínú ilé tí wọ́n ti bí i, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, kò sì mọ ohun tí gbogbo wa mọ̀.

"Kí ni mo sọ?"

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, Marlene," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ti pẹ́ tí o ti lọ."

Mo rí i bí ó ṣe rántí. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó yọ ọwọ́ náà, ojú rẹ̀ sì le.

"Ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá kú, ìjọba á wá gba ilé yìí láti fi san gbèsè ìtọ́jú Dádì. Gbogbo rẹ̀! A ò ní rí pákó kan. Mo ń gbà á sílẹ̀ ni."

"Fún ta?" ni Rudy bi í.

"Fún gbogbo wa! Màmá ò lè máa dá gbé níbí. Mo ní yàrá fún wọn lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ sọ fún wọn nígbà tí yìnyín bá yọ́."

"Wọ́n ti wá wọn fèrèsé mi," ni Lempi wí. "Mo wà nínú rẹ̀, Marlene. Mo ṣì wà láàyè nínú rẹ̀."

"Màmá..."

"Bàbá ẹ ńkọ́? Wọ́n máa gbé e jáde lọ́jọ́ kìíní oṣù."

"Wọ́n á rí ibìkan gbé e sí. Òfin ò gbà kí wọ́n jù ú síta." Marlene bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Dádì ò tiẹ̀ mọ ibi tó wà mọ́, Màmá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ mí nígbà tí mo wá kẹ́yìn."

Bergdahl yọ ìwé ẹ̀sùn náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé bí ìyá bá dárúkọ, ẹjọ́ jìbìtì ni, kò sí nínú agbára òun láti fà á padà lẹ́yìn náà. Bí wọn ò bá sì fẹ́ dárúkọ ọmọ wọn, ẹnikẹ́ni ò lè fipá mú wọn. Òun á wọ fìlà òun, òun á lọ.

"Màmá, màá pàdánù iṣẹ́ mi," ni Marlene wí. "Wọ́n lè tì mí mọ́lé. Ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ láàárín ara wa. Màá dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ yín ni mí."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Impi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Lempi ń fi ọwọ́ gbá eérún búrẹ́dì jọ lórí tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Marlene, ìwọ ni mo bí. Wilho ni mo fẹ́. Ìwọ lè rìn jáde níbí, kí o wọ ọkọ̀, kí o gba agbẹjọ́rò, kí o bẹ adájọ́. O ní ẹnu, o ní ẹsẹ̀. Òun ò ní ìkankan nínú méjèèjì mọ́. Èmi nìkan ló ní."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Bergdahl, kọ ọ́. Marlene Haapala Dekker. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ mi ni."

Bergdahl kọ ọ́. Lempi gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Rudy ti dìde, ó dúró sẹ́yìn àga ìyá rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Marlene gbé orí lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ọsàn tó gbé wá, ó ń sunkún bí ọmọ tó ti dàgbà jù fún irú ẹkún bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè sọ pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lempi wo aago ògiri. Ó ti àga sẹ́yìn, ó na ọwọ́ mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Verna, gbé mi dé ilé ìtọ́jú. Aago méjìlá ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún Wilho, kì í jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn."